Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ "ed" yìí o

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Lánàá ni ọ̀gá wa fi ìwé tí mo kọ lóru hàn mí: "I wash him and change his bed." Ó ní ṣé mo ṣe é lóru yẹn ni, àbí ohun tí mo máa ń ṣe ni mò ń sọ? Mo ṣe é o! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Bàbá Títí (Peckham): Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Èdè wa ló fà á. Tí a bá ní "mo wẹ̀ ẹ́", ó ti parí nìyẹn. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ la ń fi "máa ń" sí. Òdìkejì ni ti Gẹ̀ẹ́sì: "I wash him" tí a kò fi nǹkan kan sí nídìí, "mo máa ń wẹ̀ ẹ́" ni wọ́n ń gbọ́. Èyí tó ti parí ló ń gba "ed": washed, helped. Tí e bá ti wà nídìí rẹ̀, d nìkan ló kù: changed, refused. Try á di tried, àmọ́ play á di played, torí fáwẹ̀lì ló ṣáájú y. Stop á ní p méjì: stopped.

Àǹtí Bùnmi (Houston): Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹnu. Àwa kì í fi ìró kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé "ed" mì, tàbí ká máa pe "wọ́ṣẹ́ẹ̀dì". Ẹ fi ìka kan gògóńgò yín, kẹ́ ẹ pe clean. Ṣé ó ń gbọ̀n títí dé ìparí? D lẹ máa fi kún un: cleaned. Ẹ wá pe ìparí wash tàbí help. Kò gbọ̀n, torí náà t ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé d la kọ sílẹ̀. Àfi tí t tàbí d bá ti wà níbẹ̀ ló ń di sílébù ọ̀tọ̀: assisted, needed. Bó bá sì ṣòro fún ahọ́n, ẹ so ó mọ́ fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e: cleaned it, "klíìn-dit". Èyí ló tú ahọ́n tèmi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, àbúrò mi. "He did not refused" ńkọ́? Mo máa ń kọ ọ́.

Bàbá Títí: Ẹ yọ d yẹn kúrò. "Did" ti sọ pé ó ti kọjá: "He did not refuse." Ẹ ṣọ́ gave, took àti ate pẹ̀lú. Wọn kì í gba "ed", ẹ kàn há wọn sórí ni, torí ojoojúmọ́ lẹ ó máa lò wọ́n níbi iṣẹ́ yín.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wo ti òní: "I washed him and changed his bed at 2 a.m. I gave him tea. He did not refuse it."

Àǹtí Bùnmi: Ó péye, mà. Ẹ wá kà á sókè, kí ìka yín wà ní gògóńgò.