Èsì: “Ibú-ẹnu” kò lè jẹ́ kálíbà àgbá ọkọ̀ ogun

Ẹ̀yin ará wa,

Ọ̀gá wa tó dá “ibú-ẹnu” sílẹ̀ fún kálíbà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ìwọ̀n àgbá àti ìbọn, kọ ọ́ pé àgbá ńlá orí àwọn ọkọ̀ ogun Iowa ti Amẹ́ríkà láyé Ogun Àgbáyé Kejì “ní ibú-ẹnu 50.” Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ibú ni ibi tí omi ti jìn. Ìbú ni ẹ fẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ ojú òkun là ń sọ, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré.

Àmọ́ “ẹnu” gan-an ló ń bí mi nínú. Íǹṣì 16 ni ihò àgbá yẹn fẹ̀. Gígùn ni 50: ẹ fi 50 sọ 16 di púpọ̀, íǹṣì 800 ni, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 66 àti íǹṣì 8. Ẹ wo ti ọkọ̀ North Carolina àti South Dakota. Íǹṣì 16 náà ni, ọta oní-pọ́ùn 2,700 kan náà ni wọ́n ń yìn, ṣùgbọ́n ìlọ́po 45 ni àgbá tiwọn, ẹ̀tù rẹ̀ kò sì tó ti Iowa. Bí ihò bá ṣì tuntun, ọta tiwọn ń jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 2,300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Iowa, 2,500. Níbo ni “ẹnu” ti fi ìyẹn hàn? Lára ìbọn arọ̀jò-ọta ayé ìgbà náà ẹ̀wẹ̀, 50 túmọ̀ sí ihò ààbọ̀ íǹṣì!

Ìbọn ṣakabùlà, ẹnu ni àwọn ọdẹ àgbà ti ń kì í. Àgbá yìí, ìdí ni. Wọ́n á rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí dìgírì 5, wọ́n á ti ọta wọlé tagbáratagbára títí òrùka bàbà ara rẹ̀ á fi wọnú ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú ihò, kí wọ́n tó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti àpò ẹ̀tù 6 tẹ̀ lé e. Èmi fara mọ́ “ìbú-ihò” fún 16, “ìlọ́po-ihò” fún 50.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo gba ìlọ́po-ihò. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù kọ́ ló wà nínú àpò ṣẹ́dà wọ̀nyẹn. Ohun tí a gún kúnná ni ẹ̀tù. Pọ́ùn 110 inú àpò kọ̀ọ̀kan, kóró gbọọrọ ni, ó nípọn tó íǹṣì kan, ó gùn tó 2, ihò 7 wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí iná ṣe ń jẹ ara rẹ̀ kù ni ihò ń fẹ̀ sí i, kí agbára má bàa rọ kí ọta tó jáde. Ẹ̀tù dúdú gidi wà nídìí àpò nìkan, lẹ́yìn aṣọ pupa. Ìdí àgbá ni pupa yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí, nítorí ibẹ̀ ni iná ti ń wọlé. Bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, àgbá lè má dún. Ẹ̀ṣẹ́ná tó bá sì kù nínú ihò àgbá lè ran ṣẹ́dà nígbà tí ìdí àgbá ṣì ṣí sílẹ̀, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ alágbára gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. “Kóró-ìtì-ọta” ni kí á pè é.

*

Àbúrò, ohunkóhun tó bá ń ti ọta jáde, ẹ̀tù ni àwọn baba wa pè é, wọn ò béèrè bóyá ó kúnná. Má pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

*

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò rí kóró oníhò 7 rí. Mi ò yí ohùn padà.