Kí ni mo lè fún òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ méjìlá jẹ, kí ni wọ́n sì lè fi ṣeré?

Àkẹ́kọ̀ọ́ Adìyẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Òròmọdìẹ 16 ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n pé ọjọ́ 12 lónìí. Oúnjẹ wọn ò wọ́n, omi ò wọ́n, ara wọn sì dá. Àmọ́ láti àná ni méjì nínú wọn ti ń tu ìyẹ́ ìdí àwọn yòókù, ọ̀kan ti ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó jọ pé ojú kan náà tí wọ́n ń wò ti sú wọn. Mo fẹ́ máa fún wọn ní ìpanu, kí n sì wá nǹkan tí wọ́n á máa fi ṣeré. Èwo ni kò ní pa wọ́n lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyẹ́ Funfun:
Yọ èyí tó ṣẹ̀jẹ̀ kúrò láàárín wọn báyìí, kó o tó ka èsì kankan. Bí wọ́n bá rí pupa lára ẹnì kan, wọn ò ní yé ṣá a.

Ìyá Àgò:
Ọmọ mi, ṣé wọ́n ní òkúta wẹ́wẹ́? Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ ò léyín. Iwe ló ń bá a lọ oúnjẹ, òkúta inú iwe yẹn sì ni eyín rẹ̀. Oúnjẹ òròmọdìẹ tí wọ́n ti lọ̀ máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni wọn ò fi nílò òkúta bó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń jẹ. Lọ́jọ́ tí ewé tàbí kòkòrò bá ti kan ẹnu wọn, òkúta ti di dandan. Wá yanrìn tó ní hóró, kì í ṣe èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun, fọ̀ ọ́, kó o bù ú sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀. Wọ́n á mú ìwọ̀n tó tó wọn. Ìkarahun tí wọ́n ń lọ̀ fún adìyẹ tó ń yé kì í ṣe tiwọn o, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ ju agbára kíndìnrín wọn lọ.

Tó o bá ti ṣe ìyẹn, ẹyin sísè ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kó ṣe ọ́ bákan. Pupa ẹyin ló bọ́ wọn kí wọ́n tó jáde, òun náà ló gbé wọn ró fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Rún un wẹ́wẹ́. Ìlàjì ẹyin kan tó àwọn 16 yẹn. Bí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá, kó ìyókù kúrò, kó má bàa kan níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tútù tí a gé bí ìyẹ̀ náà dára, kùkúḿbà náà dára. Koríko gígùn ni kó o ṣọ́ra fún, ó máa ń dì wọ́n ní àpò ọ̀nà ọ̀fun.

Gbogbo ìpanu wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́. Lọ́jọ́ orí tí wọ́n wà yìí, ó dáa kó kéré sí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wọn gan-an ló ní èròjà amúaradàgbà tó ń kọ́ egungun àti ìyẹ́.

Àkùkọ Ìdájí:
Mo gbà pẹ̀lú Màmá, àmọ́ ìpanu nìkan kò ní tán ìṣòro yìí. Àbúrò, báwo ni àyè wọn ṣe tó? Báwo ni ooru wọn ṣe rí? Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, àmọ́ adìyẹ kì í làágùn ní ti gidi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bí 35°C ni. A ó sì máa fi bí 3°C dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tìrẹ yẹ kó ti máa sún mọ́ 32°C. Bí wọ́n bá ń la ẹnu mí, tí wọ́n ń sá fún iná tó ń mú wọn móoru, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Ooru àti ìhámọ́ máa ń sọ wọ́n di oníjà, iná funfun tó mọ́lẹ̀ jù náà bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́yẹ:
Mo máa ń fún tèmi ní ekòló. Wọ́n á gbà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á sáré yí gbogbo àgò ká. Kò sí eré tó dùn wò tó o.

Ìyẹ́ Funfun:
Ẹlẹ́yẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ekòló inú ọgbà dúró. Ó lè gbé aràn tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí adìyẹ wọlé, ọmọ kékeré ló sì ń pa jù. Mo ti pàdánù mẹ́ta bẹ́ẹ̀, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń yán títí tí wọ́n fi kú. Ìdin gbígbẹ tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dé iwájú wọn rárá: píà, ẹ̀wà tí a kò sè, ṣokoléètì, oúnjẹ oníyọ̀, ohunkóhun tó ti bu. Wàrà máa ń mú wọn ṣunú.

Àkùkọ Ìdájí:
Ní ti eré: hú ìṣù koríko kan tòun ti gbòǹgbò àti yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fín oògùn sí, kó o gbé e sí àárín wọn. Wọ́n á bẹ̀rù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á walẹ̀ nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Fi igi kan dábùú, kó ga bí 5 cm sílẹ̀, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń bà. Gbé abọ́ pẹlẹbẹ tó ní yanrìn gbígbẹ síbẹ̀, wọ́n á máa yí nínú rẹ̀. So ẹ̀fọ́ kọ́ ní déédéé ojú wọn: ẹ̀fọ́ ni wọ́n á máa ṣá, ìdí ara wọn á sinmi.

Àkẹ́kọ̀ọ́ Adìyẹ:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó pé ọjọ́ mẹ́rin lónìí. Ibi tí wọ́n wà ti há lóòótọ́, mo ti fẹ̀ ẹ́, mo sì gbé iná sókè. Ìṣù koríko yẹn ti di yẹ̀pẹ̀ lásán! Wọn ò tu ìyẹ́ ara wọn mọ́. Ojú egbò èyí tí mo yọ sọ́tọ̀ ti gbẹ, àmọ́ ó ń ké ṣáá. Báwo ni mo ṣe máa dá a padà?

Ìyá Àgò:
Fi wáyà sí àárín òun àtàwọn yòókù fún ọjọ́ kan sí méjì, kí wọ́n máa rí ara wọn. Lẹ́yìn náà, gbé e wọlé lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń sùn. Jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kó o jókòó tì wọ́n.