Mo fẹ́ fi iwájú Pulsar sí CG125 bàbá mi: ṣé ó máa gbà á?

Ọmọ Olókadà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Ẹ́ńjìnì ò ní wàhálà. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo fọ kabúrétọ̀, ìtapá kejì ló dáhùn. Iwájú ni ìyọnu wà. Páìpù ṣọ́ọ̀kù ti dípẹtà, ìpẹtà yẹn sì ń gé sílì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ sílì láàárín oṣù mẹ́rin, ọ́ìlì ṣì ń ṣàn wá sórí bíréèkì. Bíréèkì ọ̀hún fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, àdúrà ni mo fi ń dúró.

Mo rí iwájú ọ̀kadà Bajaj Pulsar 150 kan ní Gate, lódidi: ṣọ́ọ̀kù méjèèjì, àwo òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó dì wọ́n mú, ẹsẹ̀ táyà aláláyì oníínṣì 17 (èyí tí kò ní sípóòkù), bíréèkì díìsìkì pẹ̀lú páńpù rẹ̀. Ara máṣíìnì tó ní jàǹbá ni wọ́n ti tú u. Mẹkáníìkì wa ní kí n má fi owó ṣòfò, kí n ra ẹsẹ̀ àti bíréèkì nìkan, òun á bá mi jó irin kékeré kan mọ́ ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ tí bíréèkì á fi dúró.

Mo fi káálípà wọ̀n ọ́n. Páìpù tèmi jẹ́ mìlímítà 27, ti Pulsar 31. Táyà tèmi 2.50-18 (ìbú táyà àti ríìmù, ní ínṣì), tiwọn 2.75-17. Ṣé iwájú ò ní rẹlẹ̀ jù? Ṣé ọrùn fíréèmù á gbà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kí n tó sanwó.

Bàbá Lẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó nǹkankan mọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù yẹn. Álúmíníọ́mù ni, kì í ṣe irin. Ọkùnrin kan gbé CG tirẹ̀ wá bá mi níjọ́ kan. Ẹsẹ̀ aláláyì tó ní bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló kì bọ inú ṣọ́ọ̀kù àtijọ́. O mọ̀ pé èékánná kan wà lára ṣọ́ọ̀kù tó máa ń wọ ojú ihò àwo bíréèkì, kí àwo náà má bàa bá táyà yí. Tirẹ̀ ò bára mu, wẹ́dà wá jó irin pẹlẹbẹ kan sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fún bíréèkì dáadáa, irin já, àwo bá táyà yí, ó wé wáyà bíréèkì mọ́ra, táyà há gádígádí. Eyín méjì ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Èmi ni mo bá a yọ áàsìlì tó tẹ̀, owó ẹ̀ ò sì pé lọ́wọ́ mi títí dòní.

Tó o bá máa ṣe é, ra gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ṣọ́ọ̀kù, àwo, ẹsẹ̀ àti bíréèkì tó ti mọra wọn láti ilé iṣẹ́ ni kó o gbé wá. Ìwọ lo sọ pé ó ní jàǹbá, àbí? Kó o tó sanwó, yọ páìpù méjèèjì, tẹ́ wọn sórí gíláàsì fèrèsé, kó o máa yí wọn. Èyí tó bá ń jó ti tẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ gan-an wà lára ọ̀pá àárín, èyí tó gba inú ọrùn fíréèmù kọjá. Wọ̀n ọ́n láti ibi tí bíárìn ìsàlẹ̀ jókòó sí dé ibi tí ti òkè jókòó sí, kó o wọn tìrẹ náà bẹ́ẹ̀. Tí ti Pulsar bá gùn jù, wáṣà nípọn lè tán an. Tó bá kúrú, a ó fi pírẹ́ẹ̀sì ti ọ̀pá CG jáde nínú àwo ìsàlẹ̀ tiẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú àwo Pulsar. Bí ihò bá tóbi jù ú, mo máa ń gé búṣì (òrùka irin) sí i lórí lẹ́ẹ̀tì (ẹ̀rọ tó ń yí irin gé), kó fún débi pé pírẹ́ẹ̀sì nìkan ló lè tì í wọlé. Ẹni tó bá ní òun á kàn jó o lẹ̀ kiri etí, dìde níwájú ẹni náà.

Ní ti gíga, táyà kọ́ ni kó o bẹ̀rù. 2.50-18 ga tó mìlímítà 584, 2.75-17 tó 572. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn ni yóò sọ̀ kalẹ̀, mìlímítà 6 péré. Ṣọ́ọ̀kù ló ń dá ìjà sílẹ̀. Gbé máṣíìnì sórí ìdúró àárín kí táyà iwájú má kan ilẹ̀, fi téèpù wọ̀n láti àárín áàsìlì dé abẹ́ àwo ìsàlẹ̀. Wọn ti Pulsar náà, kó o fi méjèèjì wéra. Bí iwájú bá fi mìlímítà 20 rẹlẹ̀, ọrùn á fi bíi dígírì 1 nà ró sí i. O lè rò pé kékeré ni. Dúró dìgbà tó o bá sáré dórí títì márosẹ̀ kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Tí ti Pulsar bá wá gùn jù, ti páìpù sókè nínú àwo kó yọ orí. Lẹ́yìn náà, yọ sípíríǹgì, tẹ ṣọ́ọ̀kù wọlẹ̀ pátápátá, kó o wò ó bóyá táyà ń kan mọ́gáàdì. Ìgbà tó o bá já sínú kòtò ló máa kàn án, kì í ṣe nígbà tó o gbé e dúró níwájú ilé.

Zem Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Kétu sí Pobè ní ilẹ̀ Benin ni èmi ń fi ọ̀kadà ná. Áláyì dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ bó bá sán nínú kòtò, ó parí nìyẹn. Sípóòkù méjì á já, màá ṣì gùn ún délé, ọmọdé tó ń tún sípóòkù ṣe ní ìkóríta á fún un padà kí n tó jẹun tán. Kí àbúrò wá họ́ọ̀bù díìsìkì onísípóòkù, kó sì fi ríìmù 18 rẹ̀ sí i.

Bàbá Lẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta

Ará Kétu, kò burú. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ka ihò sípóòkù ríìmù rẹ̀ àti ti họ́ọ̀bù náà, kí wọ́n dọ́gba. Mo mọ ẹni tó ra 32 wá fún 36.

Àbúrò Peckham

Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá, àti ẹ̀yin tó kù. Mo ṣe irú ẹ̀ níbí fún Honda CB250 kan tí wọ́n ṣe ní 1974. Nígbà àyẹ̀wò MOT (èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ fún títì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ọkùnrin náà di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù mú, ó ń mì ín síwá-sẹ́yìn, ó ń wò ó bóyá bíárìn ọrùn ń mì. Ó yí ọwọ́ dé òpin lápá ọ̀tún, kò sí ìjà. Ó yí i sápá òsì, páìpù ṣọ́ọ̀kù lu táǹkì, gbòà! Kò jẹ́ kí n kọjá. Ohun tó ń dá ọwọ́ dúró kò sí lára àwo ìsàlẹ̀ tuntun níbi tí fíréèmù mi ń retí rẹ̀. Torí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun lọ́dà. Èmi ti kun táǹkì tèmi tán.

Ẹ má sì bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí bíréèkì díìsìkì o. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni, ohun tí wọ́n bá kọ sí ìdérí páńpù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, bíréèkì á sì dì mú láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Olókadà, Ìbàdàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo gbé gíláàsì dání lọ sí Gate. Oníṣòwò náà ń fi mí rẹ́rìn-ín títí páìpù ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ẹ̀ bí ẹni gbọ́ bàtá. Ó yọ owó kúrò, mo wá páìpù míì níbòmíì.

Ọ̀pá Pulsar kúrú ju tèmi lọ, la bá tẹ ti CG wọ inú àwo ẹ̀ pẹ̀lú búṣì bí Bàbá ṣe wí. Ṣọ́ọ̀kù Pulsar fi mìlímítà 24 gùn ju ti àtijọ́ lọ. Mo yọ 6 ti táyà kúrò, ó ku 18, mo sì ti páìpù sókè ní 18 géérégé. Ó rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Táǹkì? Ó kù díẹ̀ kó kàn án lápá òsì, a gé irin kékeré kan, a fi bóòtù dè é mọ́ àwo kó máa dá ọwọ́ dúró, kò kàn án mọ́. Zem Kétu, ẹ má bínú, owó ríìmù ló lé mi padà sídìí áláyì, kòtò ni mò ń yà fún báyìí.

Láàárọ̀ àná, mo sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, ìka méjì ni mo fi dúró. Aago ìwọ̀n-eré nìkan ni kò ṣiṣẹ́, wáyà CG ò wọ ẹsẹ̀ Pulsar. Màámi ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé láti ọjọ́ tí bàbá mi ti ra máṣíìnì náà, òun ò rí i kó ṣiṣẹ́ rí.