"Whose" nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: báwo ni kí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tí ń fi Yorùbá ronú?

Olùkọ́ Òkè-Fíà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú èdè. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ní Òṣogbo, àṣìṣe kan sì wà tí mo ń fi bírò pupa fa ilà sí nídìí nígbà gbogbo tí kò sì dínkù. Bí mo bá ní kí wọ́n so gbólóhùn méjì pọ̀ di ẹyọ kan, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ ni "The woman who her shop is near Oja Oba has travelled", tàbí "The motorcycle that its tyre burst belongs to my uncle". Mo sọ fún wọn pé "whose" ni kí wọ́n lò, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò dé, àwọn kan tún kọ "the woman whose her shop", èyí tí ó fi hàn pé wọ́n há ọ̀rọ̀ náà sórí láìmọ ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ọ̀nà wo ni a lè gbà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tí yóò fi yé wọn yékéyéké? Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fagi lé gbólóhùn ọmọ kan tí ó kọ "a house whose roof leaks", ó ní ilé kì í ṣe ènìyàn, àti pé "a house the roof of which leaks" ni ó tọ́. Ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi, n kò sì fẹ́ di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó jàre?

Aṣàtúnṣe Ìwé:

Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ, olùkọ́ wa. Iṣẹ́ yíyẹ ìwé wò kí ó tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ìlú kan náà ni a sì jọ wà. Kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé nìkan ni ó ń ṣe àṣìṣe yìí. Mo máa ń rí i nínú ìwé ètò ìsìnkú, nínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, àní nínú iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ti gboyè jáde ní yunifásítì.

Yorùbá ni ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́nú. Nínú èdè wa, "tí" ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe, kì í sì í yí padà: "obìnrin tí ó lọ", "obìnrin tí mo rí", "obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá Ọjà Ọba". Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun ìní, a ó fi "rẹ̀" tàbí "wọn" sí ẹ̀yìn ohun náà kí a lè mọ ẹni tí ó ni ín. Bí a bá sì yọ "rẹ̀" yẹn kúrò, gbólóhùn náà yóò kù díẹ̀ káàtó. Ọmọ tí ó kọ "who her shop" ti fi "who" dípò "tí", ó ti fi "her" dípò "rẹ̀", ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. "Whose" ni "tí", òun náà ni "rẹ̀". Ìdí nìyí tí "whose her shop" fi burú, nítorí pé "rẹ̀" ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà níwájú kíláàsì, màá ní kí ọmọ kọ gbólóhùn náà ní Yorùbá ná, kí ó sì fa ilà sí abẹ́ "tí" àti "rẹ̀". Ẹ wo èyí: "Télọ̀ tí wọ́n jí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Méjèèjì wà níbẹ̀, nítorí náà "whose" ni yóò rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rọ yóò dúró? Ní Yorùbá, ẹ̀yìn "jí" ni ó wà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "whose" kì í fi ohun ìní náà sílẹ̀ sẹ́yìn, ṣe ni ó máa ń fà á lọ́wọ́ wá sí iwájú: "The tailor whose sewing machine they stole has gone to the police station." A kò gbọdọ̀ fi "the" sáàárín àwọn méjèèjì, "whose the machine" kò sí.

Ibi tí ó ti máa ń ta kókó jù ni ibi tí ìní bá ti to lé ara wọn. A ń sọ pé "ọmọbìnrin tí ìlẹ̀kùn ìsọ̀ ìyá rẹ̀ bàjẹ́". Ìlẹ̀kùn ni ó ṣáájú, ìsọ̀ tẹ̀ lé e, ìyá tẹ̀ lé ìsọ̀, "rẹ̀" ni ó kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú pátápátá: "the girl whose mother's shop door is broken". Ọmọ tí ó bá lè yí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn po bẹ́ẹ̀ láìṣì í ti mọ "whose".

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa ohun kan ṣá. Kì í ṣe gbogbo "rẹ̀" ni ó ń sọ ohun ìní. Nínú "àga tí ó jókòó sórí rẹ̀", Yorùbá ń pe òkè àga ní orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ipò lásán ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ níbẹ̀, nítorí náà "the chair on which he sat" ni ó tọ́. Bí ó bá jẹ́ ìní gidi ni ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ atọ́kùn, bíi "ọkùnrin tí a sùn sí ilé rẹ̀", ẹ lè kọ "the man in whose house we slept", ẹ sì lè kọ "the man whose house we slept in". Ti àkọ́kọ́ ni ó yẹ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun:

Ẹ má gbàgbé "who's" o. "Who is" tàbí "who has" ni ìyẹn, kò sì kan ìní rárá: "the man who's ill" yàtọ̀ sí "the man whose son is ill". Àpọ́sítírọ́fì tí wọ́n ń rí nínú "Tunde's" ni ó ń tan àwọn ọmọ jẹ, ṣùgbọ́n "whose" kò ní in, gẹ́gẹ́ bí "its" àti "hers" kò ti ní in.

Lórí ọ̀rọ̀ ilé àti òrùlé, èmi yóò gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kí ó yẹra fún un. Bí ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ̀ bá rò bíi ti olùkọ́ yẹn ńkọ́?

Bàbá Akọ́mọlédè:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ yẹn ni ó jàre, kò sì yẹ kí a kọ́ ọmọ láti sá fún ohun tí ó tọ́ nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "hwæs" ni ọ̀rọ̀ tí "whose" ti ṣẹ̀ wá. Àti "hwā", tí a fi ń bèèrè ènìyàn, àti "hwæt", tí a fi ń bèèrè nǹkan, "hwæs" kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò fún ìní. Nítorí náà, láti ilẹ̀ wá ni "whose" ti jẹ́ ti ènìyàn àti ti nǹkan. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 sọ nípa igi eléso ní Jẹ́nẹ́sísì 1:11 pé "whose seed is in itself", igi kì í sì í ṣe ènìyàn. H. W. Fowler, tí àwọn ará Ìlú Ọba kà sí adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ báyìí, bẹnu àtẹ́ lu òfin tí olùkọ́ yẹn dì mú, láti ọdún 1926. Ìrísí ọ̀rọ̀ náà ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa ṣe òfin yìí kiri: wọ́n rí "who" nínú "whose", wọ́n sì rò pé ènìyàn nìkan ni ó ni ín.

N kò sọ pé "the roof of which" jẹ̀bi. Ó tọ́, ó kàn wúwo lẹ́nu ni. Fún ilé tí ó ń jò, "a house with a leaking roof" ni èmi yóò kọ. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Igbó Ọ̀ṣun wa, kò sí ohun tí ó rọrùn tó èyí: "The Osun grove, whose sculptures attract visitors from many countries, became a World Heritage Site in 2005." Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú "of which" kí ẹ wo bí yóò ti rí.

Ẹ tún wo kọ́mà méjì tí mo fi sí i. Igbó Ọ̀ṣun kan ṣoṣo ni ó wà, nítorí náà àlàyé àfikún lásán ni awẹ́ gbólóhùn náà ń ṣe, kì í ṣe pé ó ń ya igbó kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn mìíràn. Bákan náà ni "Susanne Wenger, whose work can be seen in the grove, died in 2009." Yorùbá kì í sábà fi kọ́mà ya ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà àwọn ọmọ kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ "My wife whose shop is at Oke-Baale called me" láìsí kọ́mà, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè lóye rẹ̀ pé ìyàwó mi ju ẹyọ kan lọ, àti pé ti Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń tọ́ka sí nínú wọn. Ìyá àwọn ọmọ mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí náà èmi kì í fi kọ́mà yẹn ṣeré.

Olùkọ́ Òkè-Fíà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun, Aṣàtúnṣe. Èmi yóò bá ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́, kì í ṣe níwájú ọmọ. Ó ku ẹyọ kan. Ọmọ kan kọ "The man whose the car is has come". Mo mọ̀ pé kò tọ́, ṣùgbọ́n kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Aṣàtúnṣe Ìwé:

Ẹ ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ọkùnrin tí ó ni ọkọ̀ náà ti dé." Kò sí "rẹ̀" níbẹ̀, nítorí náà kò sí àyè fún "whose", "the man who owns the car" ni. Bí ó bá sọ pé "ọkùnrin tí ọkọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀", "the man to whom the car belongs" ni kí ó kọ. Nínú ìbéèrè nìkan ni "whose" ti lè dá dúró láìsí ohun ìní lẹ́yìn rẹ̀, bíi "Whose is this car?" Nínú awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe, ohun ìní náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.