Ẹ̀yin tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì, ẹ bá wa ya fọ́tò àwọn ẹyẹ ìlú wa

Ìyá Tèmi, Leeds:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. January tó kọjá, èmi àtàwọn ọmọ jókòó sẹ́nu wíńdò kíṣínì fún odindi wákàtí kan, à ń ka ẹyẹ fún Big Garden Birdwatch ti RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1979 ni wọ́n ti ń ṣe é níbí, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ èèyàn ló sì ń dá sí i. Ẹ má ro ó pọ̀ o: tí ológoṣẹ́ mẹ́ta bá balẹ̀, tí wọ́n fò lọ, tí márùn-ún tún wá, márùn-ún lẹ máa kọ, ó lè jẹ́ àwọn tàkọ́kọ́ ló padà wá.

Ohun tó dùn mí ni pé mo ṣí máàpù iNaturalist, app táwọn èèyàn ń gbé ẹranko àti ewéko tí wọ́n bá rí sí, àmì kún Leeds bámúbámú, mo wá fà á dé abúlé ìyá mi l'Ọ́ṣun, òfìfo. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Kì í kúkú ṣe pé wọn ò mọ ẹyẹ, ìyá mi ń fi ohùn lásán dá wọn mọ̀, àmọ́ dátà wọ́n, app yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà sókè létí títì, wọ́n á ní kí ló ń wá.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Àtọdún 1900 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ ní Kérésì níbí. Màmá mi fi fọ́tò àgbìgbò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbé e sórí iNaturalist, kò ní ọjọ́, kò níbi.

Ìyá Tèmi, Leeds:
WhatsApp ló yọ ọ́ kúrò, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ yà á, ẹ tọ́jú fọ́tò ẹ̀ sínú app iNaturalist, ẹ gbé e sókè níbi tí Wi-Fi bá wà, kẹ́ ẹ sì yan "obscured" kí ojúlé màmá má bàa hàn. Adìyẹ wọn àti ewúro tí wọ́n gbìn kì í ṣe ohun inú igbó, ẹ fàmì sí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹyẹ dáadáa, Nigerian Bird Atlas Project wà, àwọn tó ń ya máàpù ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, app kan tó ń jẹ́ BirdLasser ni wọ́n ń lò, wọ́n pín Nàìjíríà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi kìlómítà 9 níbùú lóròó, igun tẹ́ ẹ bá wà lẹ máa kọ ẹyẹ ẹ̀ sílẹ̀.

Àlàkẹ́, Manchester:
Ìlọrin ni mò ń lọ, èmi ò ní kámẹ́rà gidi. Tí mo bá gba ohùn ẹyẹ nìkan sílẹ̀ fún iNaturalist, ṣé ó gbà?

Ìyá Tèmi, Leeds:
Ó gbà dáadáa, àbúrò. Ẹ tètè jí, kí jẹnẹrétọ̀ ó tó bẹ̀rẹ̀.