Búbù àdìrẹ fún ọjà Kérésì: influencer ńlá kan ni, tàbí kéékèèké mẹ́fà?

Ìyá Aláró béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Búbù àdìrẹ ni mò ń tà, láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. 120 ti wà nílẹ̀ fún ọjà Kérésì. ₦28,000 ni mò ń ta ọ̀kan. Aṣọ, aró àti owó télọ̀ ń ná mi ní ₦16,000. Mo ya ₦600,000 sọ́tọ̀ fún ìpolówó lórí Instagram àti TikTok. Influencer kan (ẹni tí èrò ń tẹ̀ lé lórí ìkànnì, tó ń bá èèyàn polówó) tó ní ọmọlẹ́yìn 400,000 ní ₦500,000 lòun máa gbà fún Reel kan (fídíò kúkúrú) àti Story méjì (èyí tó máa ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24). Àwọn kéékèèké, tí ọmọlẹ́yìn wọn wà láàárín 15,000 sí 40,000, ń pe ₦60,000 fún iṣẹ́ kan náà. Èkó, Ìbàdàn àti Abùjá làwọn oníbàárà mi pọ̀ sí jù. Ta ni kí n gbé iṣẹ́ fún, ìgbà wo sì ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Ìpolówó fèsì:

Ìyá Aláró, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ẹ fi iye ọmọlẹ́yìn sílẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n ń wo fídíò ẹni náà lásìkò yìí ni kí ẹ wá. Ẹ ṣí Reel mẹ́wàá tó gbé jáde kẹ́yìn, ẹ kọ ìwòran ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ yọ èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù, kí ẹ wá pín àròpọ̀ èyí tó kù sí ọ̀nà mẹ́jọ. Ká ní ẹni ọmọlẹ́yìn 400,000 yẹn ń rí 40,000, ₦12,500 lẹ máa san lórí ìwòran 1,000. Bí ẹni tó ń gba ₦60,000 bá ń rí 12,000, ₦5,000 ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ṣí Insights rẹ̀ (ibi tí ìkànnì ti ń fi ìṣirò àwọn tó ń wò ó hàn án), kó ká ojú fóònù sí fídíò bó ṣe ń yí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́. Àwòrán ojú fóònù lásán kò tó, ó rọrùn láti yí nọ́ńbà orí rẹ̀ padà. Ẹ wo ìlú tí àwọn tó ń wò ó wà, ọjọ́ orí wọn, àti iye obìnrin nínú wọn. Bí ìdajì wọn bá wà ní Gánà àti Kẹ́ńyà, búbù yín kò ní tà lọ́dọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Ẹ ka kọ́mẹ́ǹtì pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ti ń bi í pé "Èló ni?", "Níbo lẹ ti rà á?", ibẹ̀ ni ọjà wà. Tó bá jẹ́ àwòrán iná àti ọkàn pupa nìkan ló kún ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti ra àwọn ọmọlẹ́yìn yẹn, tàbí káwọn influencer ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa bá a kọ ọ́ kó lè dà bíi pé èrò pọ̀.

Ohun tó ń ba ìpolówó àdìrẹ jẹ́ jù ni àwọ̀. Nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, aró a máa dúdú bí èédú, filter a sì tún fà á sí àwọ̀ àlùkò. Nígbà tí aṣọ bá dé, oníbàárà á ní èyí tóun rí kọ́ nìyí, á dá a padà. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ tí ẹ máa fún wọn: ìta gbangba, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sí filter. Kí kámẹ́rà sún mọ́ aṣọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí batani lè hàn dáadáa. Kó rìn, kí búbù náà sì fẹ́ lẹ́lẹ́. Kó dárúkọ iye owó, kó sì sọ pé omi tútù la fi ń fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀; ohùn rẹ̀ làwọn èèyàn wá gbọ́.

Mẹ́fà kéékèèké ni kí ẹ mú: mẹ́ta l'Ékòó, méjì n'Ìbàdàn, ọ̀kan l'Ábùjá.

Olùṣírò fèsì:

Mo fara mọ́ mẹ́fà yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí owó tó jáde. Ká ní ẹ fún influencer kọ̀ọ̀kan ní kóòdù ẹ̀dínwó 10% tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa lò, ìyẹn mú ₦2,800 lọ. Ọ̀rá àti páálí, ₦1,000. Ẹ yọ ₦16,000 tí aṣọ ná yín. ₦8,200 ló kù lórí búbù kan, bí oníbàárà bá ń san owó ìfiránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ní ₦60,000 jẹ́ ₦360,000. Búbù mẹ́fà tí wọ́n máa wọ̀ jẹ́ ₦96,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦456,000. Ẹ gbọ́dọ̀ ta 56 kí owó yẹn tó padà wọlé.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ san ₦40,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi ₦1,500 kún un lórí búbù kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ tà. Owó tó kọ́kọ́ jáde di ₦336,000, èrè orí búbù kan di ₦6,700, ẹ ó sì ta 51 kó tó padà wọlé. Bí ẹ bá ta ju 80 lọ, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló máa mú èrè púpọ̀ wá; bí kò bá tó 80, èkejì ni. Ká ní gbogbo 114 tó kù tà tán, ọ̀nà kejì máa mú ₦51,000 lọ nínú èrè yín. Fún èèyàn tí ẹ kò tíì bá ṣiṣẹ́ rí, mo gbà pé ó tọ́ kí ẹ san iye yẹn, kí ẹ lè sùn dáadáa.

Owó tó ṣẹ́ kù, ẹ má ná an lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mú fídíò tó ń mú ìbéèrè wá jù, kí ẹ fi ₦100,000 tì í láti ojú ìwé influencer náà gan-an: partnership ad lórí Instagram, Spark Ads lórí TikTok. Ní ọ̀nà kejì, fídíò náà gbọ́dọ̀ mú 15 sí i tà kí ₦100,000 yẹn tó padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti gba ìyọ̀ǹda láti fi owó ti fídíò wọn báyìí sínú àdéhùn. Bí fídíò bá ti gbajúmọ̀ tán, owó tuntun ni wọ́n máa pè. Kí wọ́n sì lo orin láti inú Commercial Music Library TikTok. Bí wọ́n bá fi orin olókìkí sí ìpolówó, TikTok lè pa ohùn rẹ̀, fídíò á wá yadi níbi tó ti ń tà.

Ẹlẹ́rù Ọjọ́ta fèsì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́. Láti ọjọ́ Kérésì ni kí ẹ ti kà á sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, èrò máa ń kún gáréèjì, ẹrù a sì máa sùn sí páàkì. L'Ékòó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dín iye ibi tí ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà kiri lè dé lójúmọ́ kù. Ẹ kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò ní gba ọjà Abùjá mọ́ lẹ́yìn 14 Oṣù Kejìlá, ti Ìbàdàn lẹ́yìn 18, ti Èkó lẹ́yìn 20.

Ẹ yẹra fún Black Friday. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú Oṣù Kọkànlá ni, àwọn ilé ìtajà ńlá ló ni ọjọ́ yẹn, owó ìpolówó lórí Instagram náà sì máa ń gbówó lórí. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀: owó oṣù ti wọlé, ariwo sì ti rọlẹ̀. Èèyàn méjì kọ́kọ́, méjì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, méjì tó kẹ́yìn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin mìíràn. Ẹni Abùjá gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Bí gbogbo wọn bá gbé e jáde lálẹ́ kan náà, WhatsApp yín á kún, ẹ kò ní lè dá wọn lóhùn, wọ́n á sì lọ ra ti ẹlòmíràn. Kí aṣọ dé ọwọ́ àwọn influencer kó tó di 10 Oṣù Kọkànlá, kí àyè lè wà láti tún fídíò ṣe.

Ìyá Aláró:

A dúpẹ́ o, ẹ ò ní rẹ̀yìn. Bí oníbàárà bá gbàgbé kóòdù ńkọ́? Tí ẹni tó ti gba owó kò bá sì gbé e jáde lọ́jọ́ tí a dá?

Ọ̀gá Ìpolówó:

Ẹ ṣe lìǹkì WhatsApp ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. wa.me/234 ni, ẹ wá fi nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e láìsí 0 ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ?text= àti ọ̀rọ̀ tó máa dárúkọ influencer náà; %20 ni kí ẹ fi dípò àyè láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà á ti wà nílẹ̀ fún un láti fi ránṣẹ́. Orí Story àti bio ni kí ó wà, torí pé lìǹkì inú àkọlé Reel kì í ṣeé tẹ̀. Lórí WhatsApp Business, ẹ fún influencer kọ̀ọ̀kan ní label (àmì ìdánimọ̀) tirẹ̀. Ẹ sì máa bi gbogbo oníbàárà léèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti rí yín, kí ẹ tó fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì. Lálaalẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ẹ fi iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tà ránṣẹ́ sí i. Àìfi ìṣírò hàn ló máa ń fa ìjà lórí ₦1,500 yẹn.

Nípa ti owó: ìdajì nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn, ìdajì lẹ́yìn wákàtí 24 tí fídíò ti jáde. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀; bó bá fi wákàtí 48 pẹ́, kí 20% kúrò nínú owó rẹ̀; bí ọjọ́ tí ẹ ń gba ọjà ìlú rẹ̀ bá sì ti kọjá, kó dá àsansílẹ̀ padà. Kó má polówó aláṣọ àdìrẹ mìíràn fún ọjọ́ 14 ṣáájú àti lẹ́yìn.

Agbẹjọ́rò Ọjà:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lábẹ́ òfin ARCON (àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà) ti 2022, ìpolówó gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò Advertising Standards Panel, ìgbìmọ̀ àjọ náà, kó tó jáde, ti orí ìkànnì influencer náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè iye owó àti iye ọjọ́ tó máa gbà lọ́wọ́ wọn nínú Oṣù Kẹwàá, kó má bàa já lu ọjọ́ tí Ẹlẹ́rù là sílẹ̀. Kí gbogbo fídíò náà ní àmì "Paid partnership". Nípa ẹ̀dínwó, òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, kò fàyè gba kí a fi owó tan oníbàárà jẹ: bó bá jẹ́ ₦28,000 lẹ ti ń tà á tẹ́lẹ̀, ẹ má kọ ₦35,000 kí ẹ tó fa ìlà lé e.