My Fair Lady lórí 4K: ṣé kí n rà á, àbí Blu-ray tí mo ní ti tó?

Àbẹ̀kẹ́Olórin:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó. My Fair Lady ni, èyí tí George Cukor darí lọ́dún 1964, tí Audrey Hepburn ṣe Eliza tó ń ta òdòdó, tí Rex Harrison sì ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní òun máa kọ́ ọ bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní i lórí Blu-ray, kò sì sí orin inú ẹ̀ tí mi ò lè kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ àwòrán tó wà lórí dísìkì mi yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ojú àwọn èèyàn kàn ń dán yọ̀ọ̀ ni, kò sí ìlà, kò sí ihò ara, kò sí nǹkan kan. Ibi tó dùn mí jù ni ibi eré ẹṣin ní Ascot, tí àwọn obìnrin wọ funfun àti dúdú, ibẹ̀ ló yẹ kí ojú èèyàn jẹun yó, àmọ́ funfun yẹn kàn ń tàn gbòò ni, mi ò rí iṣẹ́ ọwọ́ kankan lára aṣọ.

Mo wá gbọ́ pé 4K ẹ̀, ìyẹn dísìkì tí àwòrán ẹ̀ kún ju ti Blu-ray lọ, ti jáde láti 2021. Ṣé ìyàtọ̀ tó lójú wà níbẹ̀ lóòótọ́ àbí orúkọ lásán ni wọ́n fi ń gbowó wa? Ohùn ẹ̀ ńkọ́? Tẹlifíṣàn mi íǹṣì 55 ni, ó ń gbé 4K. Ẹni tó bá ti wo méjèèjì ni mo ń bá wí o, ẹ má fi ti orí páálí dá mi lóhùn.

ÒǹwòranÀtàtà:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kí n tó sọ ohunkóhun, Blu-ray wo lẹ ní? Torí ọ̀kan jáde ní 2011, òmíì tún jáde lóṣù kẹwàá 2015, àwọn méjèèjì ò sì jọra rárá àti rárá. Ẹ yí páálí ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú bẹ́ẹ ṣe ṣàlàyé Ascot yẹn, ara mi ti ń sọ fún mi pé 2011 ni.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Fíìmù yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi 35mm yà bíi ti ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìgbà yẹn, négátíìfù 65mm ni, ìyẹn fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà gan-an, Super Panavision 70 ni wọ́n ń pe ètò ẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan lórí négátíìfù bẹ́ẹ̀ fẹ̀ gan-an, nǹkan tó sì wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí Blu-ray lè gbé tán lọ. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá rí My Fair Lady tó rí bàìbàì, kó má dá àwọn tó yà á lẹ́bi o, Harry Stradling tó di kámẹ́rà mú gba Oscar lórí iṣẹ́ yẹn! Ẹ̀dà tí wọ́n gbé sórí dísìkì lẹ máa bá wí.

Négátíìfù yẹn náà ti jẹ ìyà ẹ̀ o. Ó ti bàjẹ́ débi pé Robert A. Harris àti James C. Katz ló jókòó tì í tí wọ́n fi rí i tún ṣe ní 1994. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àmọ́ dísìkì 2011 wá jáde, gbogbo wa la sì rí i pé ìyẹn ò fi iṣẹ́ náà hàn bó ṣe yẹ, ariwo tí àwọn èèyàn pa nígbà yẹn ò kéré. Ni Harris bá tún padà sídìí ẹ̀ fún ti 2015, wọ́n fi 8K ṣe sikáànù àwọn ohun èlò 65mm yẹn, wọ́n wá fi 4K ṣe ìfọ̀mọ́ àti àtúnṣe ẹ̀. Blu-ray 2015 àti 4K 2021, ọmọ ìyá kan náà làwọn méjèèjì, iṣẹ́ kan yìí náà ni wọ́n ti mú wọn jáde.

Nítorí náà tó bá jẹ́ 2011 ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ascot yẹn lórí 4K, Ọlọ́run mi! Cecil Beaton ló ṣe àwọn aṣọ yẹn, ẹ ó wá rí i pé funfun yẹn gan-an kì í ṣe oríṣi kan, èyí tó funfun báláú wà, èyí tó fẹ́ máa pọ́n díẹ̀ wà, èyí tó ti ń lọ sí eérú wà, ẹ̀ ó rí ojú léèsì, ẹ̀ ó rí ìyẹ́ orí fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ ó rí bí dúdú ríbọ́nù orí fìlà Hepburn ṣe yàtọ̀ sí eérú kóòtù àwọn ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn. Èmi ṣì máa ń dá a padà síbẹ̀ wò.

EtíỌba:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohùn, torí ojú nìkan lẹ̀yin ń fi wo fíìmù olórin.

Nígbà tí fíìmù yìí jáde sí sinimá lórí 70mm, ìyẹn ẹ̀dà fífẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ látara négátíìfù 65mm yẹn, ohùn tó wà lára ẹ̀ pín sí ọ̀nà 6, márùn-ún lẹ́yìn ojú àwòrán, ìkan fún inú gbọ̀ngàn. Ìyẹn ni pé tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lápá òsì, apá òsì náà lohùn ẹ̀ ti ń wá. Àtinú ọ̀nà 6 yẹn ni wọ́n ti ṣe ohùn 7.1, èyí tó pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, tó wà lórí ti 2015 àti lórí 4K. Tó bá jẹ́ spíkà inú tẹlifíṣàn nìkan lẹ ń lò, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ẹni tó bá ní spíkà tó dáa, kódà mẹ́ta péré níwájú, màá ní kó lọ gbọ́ ibi tí Stanley Holloway, tó ṣe bàbá Eliza, àti àwọn èèyàn ẹ̀ ti ń jó kiri ilé ọtí, ìró bàtà wọn ń rìn láti apá kan sí èkejì, ẹgbẹ́ olórin wà lẹ́yìn wọn tó mọ́ kedere, kò sí èyí tó ń bo ìkejì mọ́lẹ̀.

Nǹkan kan tí àwọn èèyàn máa ń pè ní àléébù dísìkì tí kì í ṣe àléébù: ẹ ó ṣàkíyèsí pé ohùn Rex Harrison máa ń sún mọ́ etí ju ti àwọn tó kù lọ nígbà tó bá ń kọrin, ó sì máa ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Harrison kọ̀ láti máa la ẹnu sí orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní bóun ṣe ń kọ ọ́ lónìí kọ́ lòun máa kọ ọ́ lọ́la, ni wọ́n bá fi máíkì aláìlókùn pamọ́ sábẹ́ táì ẹ̀, wọ́n gba ohùn ẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré gan-an. Hepburn ní tiẹ̀, ohùn akọrin kan, Marni Nixon, ni wọ́n fi rọ́pò ohùn ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin. Tí dísìkì bá ti mọ́ jù báyìí, ẹ máa túbọ̀ rí àwọn ibi tí ẹnu Hepburn àti ohùn yẹn ò ti bára mu tán, ẹ mọ̀ ọ́n sílẹ̀ kó má bàa yà yín lẹ́nu.

BàbáẸlẹ́kásẹ́ẹ̀tì:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti kà gbogbo ẹ̀, ẹ ṣe é, àmọ́ mo ní iyàn tèmi.

Èmi ti ń wo fíìmù yìí láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ẹ ò mọ ìyà tá a jẹ nígbà yẹn. Fífẹ̀ àwòrán yẹn sí gíga ẹ̀ jẹ́ 2.20 sí 1, tẹlifíṣàn ayé ìgbà yẹn sì jẹ́ 1.33, ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ nù, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ ẹ ó rí i pé nǹkan bíi 40 nínú 100 àwòrán yẹn la ò rí. Ibi tí Harrison, Hepburn àti Pickering, ọ̀rẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, bá ti dúró lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá ìwé, ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ pòórá ni! Nítorí náà ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ní fífẹ̀ ẹ̀ gan-an, ayọ̀ tó wà lára mi lọ́jọ́ yẹn, 4K kankan ò tíì fún mi nírú ẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Blu-ray 2015 ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. 4K ní píksẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Blu-ray, òótọ́ ni, àmọ́ tó o bá jókòó jìnnà sí íǹṣì 55, ojú rẹ ò lè mú gbogbo ẹ̀. Èkejì tí mi ò fẹ́ràn nínú 4K yìí, ó mọ́ jù fún ìlú àtọwọ́dá tí wọ́n kọ́ fún fíìmù yẹn. Covent Garden tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, inú ọgbà Warner ní Burbank, California ni wọ́n kọ́ gbogbo ẹ̀ sí, kò síbì kankan tó jẹ́ London níbẹ̀. Nígbà tí àwòrán ò tíì mọ́ tó báyìí, ọkàn mi máa ń gbà pé London ni mo wà. Ní báyìí mo ń rí ọ̀dà lára ògiri, mo ń rí pé òkúta ilẹ̀ yẹn ò gbó, ìyẹn sì máa ń yọ mí kúrò nínú ìtàn.

ÒǹwòranÀtàtà:

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ọ̀rọ̀ VHS yẹn, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Lórí íǹṣì 55 náà mo gbà fún yín díẹ̀, ẹni tó bá ní 2015 kò pọn dandan kó sáré.

Àmọ́ ti ọ̀dà ara ògiri yẹn, mi ò gbà. Fíìmù yìí ò fìgbà kankan díbọ́n pé òun jẹ́ London gidi. Ẹ wo Ascot, níbo lẹ ti rí eré ẹṣin tí gbogbo èrò ti dúró gbagidi láìmira, tí wọ́n jọ ń gbé ojú kan náà, tí wọ́n jọ ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí ẹṣin ń kọjá lọ? Cukor àti Beaton fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, ìtàgé ni wọ́n gbé wá bá wa. Àwọn tó wò ó lórí 70mm ní 1964 rí ọ̀dà yẹn kedere, àwa tó lo kásẹ́ẹ̀tì la ò rí i. Bàìbàì yẹn ti mọ́ wa lára ni.

Ohun tó sì ń ya 4K sọ́tọ̀ jù lójú tèmi, kì í ṣe iye píksẹ́ẹ̀lì, HDR ẹ̀ ni, ìyẹn bó ṣe ń jẹ́ kí ibi tó tàn àti ibi tó ṣú yàtọ̀ síra dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, níta gbọ̀ngàn orin lálẹ́, tí òjò ń rọ̀, tí àwọn olówó ń wá ọkọ̀, lórí Blu-ray mi òkùnkùn yẹn máa ń dà bí eérú. Lórí 4K òkùnkùn ṣú, síbẹ̀ mo ń rí aṣọ Eliza nínú ẹ̀, mo ń rí iná tó ń tàn lára omi ilẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́Olórin:

Ah! Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. 2011 ni o. Inú bí mi, inú mi sì tún dùn, ó kéré tán ojú mi ò parọ́ fún mi. Bàbá, ẹ ṣé gan-an, mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, àmọ́ èmi fẹ́ rí gbogbo ọ̀dà yẹn o.

Ìbéèrè méjì tó kù: PlayStation 4 ni mo fi ń wo dísìkì, ṣé ó máa gbé e? Àti pé EtíỌba, ṣé ibì kan wà téèyàn ti lè gbọ́ ohùn Hepburn fúnra ẹ̀? Ó máa ń dùn mí pé obìnrin yẹn kọ àwọn orin yẹn tọkàntọkàn tí wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀.

EtíỌba:

PS4 ò lè gbé dísìkì 4K o, àti PS4 Pro náà. PS5 tó ní ojú dísìkì ń gbé e, Xbox Series X náà ń gbé e, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ra ẹ̀rọ 4K gan-an. Tí agbára ìyẹn ò bá tíì sí, Blu-ray 2015 ni kẹ́ ẹ rà, PS4 yín máa gbé ìyẹn dáadáa, ohùn kan náà lẹ sì máa gbọ́. Kí ẹ ṣáà wo agbègbè tí wọ́n kọ sára Blu-ray kẹ́ ẹ tó sanwó, torí Blu-ray máa ń ní A, B tàbí C, tó bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ yín ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Dísìkì 4K ò ní wàhálà yẹn.

Ti Hepburn, bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe 1994 ni ohùn ẹ̀ jáde padà, ó wà lára àfikún orí Blu-ray 2015, "Wouldn't It Be Loverly" àti "Show Me", wọ́n gbé ohùn ẹ̀ lé àwòrán gan-an. Ohùn yẹn ò ga tó ti Nixon, kò sì lágbára tó o, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Àmọ́ "Show Me" yẹn, pẹ̀lú bí inú ṣe ń bí Eliza níbẹ̀, tèmi ni pé ohùn Hepburn ló yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀, torí ìbínú yẹn wà nínú ẹ̀ dénú. Kódà nínú fíìmù gan-an wọn ò bò ó tán, ìbẹ̀rẹ̀ "Just You Wait" yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́, ibi tó bá ti gòkè ni Nixon ti gbà á.

ÒǹwòranÀtàtà:

Kí n fi èyí kún un kí n tó lọ, àǹtí. Tí dísìkì bá dé, ẹ wọ sẹ́tìǹgì tẹlifíṣàn yín, ẹ pa motion smoothing, orúkọ tí kálukú ń pè é yàtọ̀, òun ló máa ń jẹ́ kí fíìmù rìn bí eré orí tẹlifíṣàn. Tí Filmmaker Mode, sẹ́tìǹgì tó ń fi fíìmù hàn bí wọ́n ṣe ṣe é, bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ ìyẹn. Ẹ ó rí ìlà dúdú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ má fi zoom lé e lọ o, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá nígbà VHS lẹ fẹ́ tún fọwọ́ ara yín ṣe yẹn.

BàbáẸlẹ́kásẹ́ẹ̀tì:

O ti wí i. Àbẹ̀kẹ́, fíìmù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta o, ìsinmi sì wà láàárín ẹ̀, má fò ó. Ibi tí wọ́n fi ìsinmi yẹn sí, Eliza ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílé lọ síbi ijó ni, a ò tíì mọ̀ bóyá àṣírí ẹ̀ máa tú. Jẹ́ kó dá ẹ dúró níbẹ̀.